Ọta Ráífù Tí Kì Í Gbá Èjìká: Yíyan Kátíríìjì àti Kíki Kátíríìjì fún Ọdẹ Àgbọ̀nrín



Àgbẹ̀ tí òyà ti ba oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jẹ́ rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí ó ti ń dun ni tó láti dé oko lówùúrọ̀ kí a bá iṣẹ́ oṣù mẹ́ta nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹranko tí ó máa ń ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jù lọ ni àgbọ̀nrín onírù funfun. Ó fẹ́ràn ewé ẹ̀wà sóyà, kò sì fi àgbàdo sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti ra ilẹ̀ lọ́hùn-ún tí wọ́n ń dáko máa ń bá a pàdé létí oko wọn. Òfin fún wọn ní àkókò tí wọ́n lè ṣọdẹ rẹ̀, nítorí náà wọn a lọ ra ìbọn ráífù. Ẹni tí ń ta ìbọn a sì gbé èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lé wọn lọ́wọ́, a ní òun ni ó ń pa ẹran jù.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí olúwarẹ̀ bá yin ìbọn náà lẹ́ẹ̀mejì, èjìká rẹ̀ á wú. Nígbà tí yóò fi yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ á ti máa pa dé kí ìbọn tó dún, ara rẹ̀ á sì fà sẹ́yìn. Ọta tí ó yẹ kí ó wọ àyà ẹran á bá a ní ikùn. Àgbọ̀nrín náà á sá wọ igbó lọ, á sì kú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, lẹ́yìn ìrora wákàtí púpọ̀. Ẹran ti ṣòfò, ọdẹ kò sì rí nǹkan kan gbé wálé.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ nínú ìwé yìí ni pé ìbọn tí kò dẹ́rù ba ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ni ìbọn tí ń pa ẹran dáadáa. A ó wo irú kátíríìjì tí ó yẹ kí ènìyàn yàn, a ó sì wo bí a ti ń ki kátíríìjì lọ́wọ́ ara ẹni níbi tí òfin bá ti gbà á láyè.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ òfin ní àkọ́kọ́. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ìbọn tàbí ọta ìbọn, àfi ní ilé ìkóhun-ìjà ìjọba àti ti àwọn ológun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wà nílé kò gbọdọ̀ dán apá tí ó jẹ mọ́ kíki kátíríìjì wò rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí a ó sọ nípa gbígbá èjìká àti nípa ìfòyà ìbọn kan gbogbo ẹni tí ń gbé ìbọn kọ́ èjìká, ìbáà jẹ́ ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ó ní ìwé àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń ki kátíríìjì fún ìlò ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ki í láti tà ni ó gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ. Bákan náà, ẹni tí ó bá wọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú físà àlejò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi bí ó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí i ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí kò tíì kọjá àkókò rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí ayé kò sí lábẹ́ ìdíwọ́ yìí. Kí ọmọ wa kọ̀ọ̀kan wádìí ipò tirẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀ràn yìí lè dá ènìyàn padà sílé.

Ẹranko náà

Àgbọ̀nrín onírù funfun kì í ṣe ẹbí àgbọ̀nrín inú igbó wa gan-an, bí a tilẹ̀ ń fi orúkọ kan pe àwọn méjèèjì. Ìwo tiwa kì í bọ́. Bí ó bá ti hù, ó hù náà nìyẹn. Ìwo ti Amẹ́ríkà máa ń bọ́ lọ́dọọdún, a sì tún hu òmíràn, akọ nìkan ni ó sì sábà máa ń ní i. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, ọdẹ àṣejù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run ní ilẹ̀ náà: wọn kò tó 500,000 mọ́. Lónìí, wọ́n tó nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Òfin àkókò ọdẹ ni ó mú un rí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú owó orí tí wọ́n ti ń gbà lórí ìbọn àti ọta láti 1937, tí wọ́n sì ń ná sórí ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́. Àwa tí à ń ṣàròyé pé ẹtu àti ìgalà ti ń tán nínú igbó wa lè ronú sí èyí.

Ara àgbọ̀nrín yìí kò le. Kò ní awọ líle bí i ti ẹfọ̀n, egungun rẹ̀ kò sì nípọn. Ibi tí a ń wá lára rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí ó wà lẹ́yìn èjìká, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ọta tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò pa á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìbáà jẹ́ ọta kékeré. Ọta ńlá tí ó bá bà á ní itan tàbí ní ikùn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdẹ ará Scotland kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ W. D. M. Bell, tí ó gbé ayé láti 1880 sí 1954. Erin tí ó pa ní Áfíríkà lé ní 1,000, ráífù kékeré tí kátíríìjì rẹ̀ ń jẹ́ 7×57 ni ó sì fi pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ru ìbọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ènìyàn ṣubú. A kò yìn ín fún iye erin tí ó pa. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ó mọ ibi tí ọpọlọ erin wà, ìbọn rẹ̀ kò sì dẹ́rù bà á.

Ohun tí ń mú kí ìbọn gbá èjìká

Bí ènìyàn bá fò láti inú ọkọ̀ ojú omi sí èbúté, ọkọ̀ náà á sún sẹ́yìn. Bí ẹni náà bá wúwo, tàbí bí ó bá fò pẹ̀lú agbára, ọkọ̀ á sún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ńlá, sísún rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Bí ìbọn ti ń ṣe gan-an nìyí. Ọta ni ẹni tí ó fò, ìbọn ni ọkọ̀. Ìwúwo ọta, eré tí ọta ń sá, ìwọ̀n ẹ̀tù tí ó jó (nítorí èéfín rẹ̀ náà ń tì sẹ́yìn bí ó ti ń jáde), àti ìwúwo ìbọn fúnra rẹ̀: nǹkan mẹ́rin yìí ni ó ń pinnu gbogbo rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìbọn máa ń fi ẹsẹ̀-pọ́n-ùn wọn agbára gbígbá náà. Ẹsẹ̀-pọ́n-ùn kan ni agbára tí a fi lè gbé ẹrù tí ó wọn pọ́n-ùn kan sókè ní gíga ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ráífù bá wọn nǹkan bí pọ́n-ùn 8, kátíríìjì .243 Winchester máa ń gbá èjìká pẹ̀lú nǹkan bí ẹsẹ̀-pọ́n-ùn 9. Ti .30-30 tó nǹkan bí 11, ti 7mm-08 Remington tó 12 tàbí 13, ti .30-06 sì tó 20. Ti .300 Winchester Magnum, tí àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn láti máa yìn, ń lọ sí 26 àní nínú ìbọn tí ó wúwo díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà sábà máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè fara da ohun tí ó bá ju 15 lọ fún ìgbà pípẹ́ láìsí pé ìfòyà wọ inú wọn. Èyí bá ohun tí ojú ń rí mu.

Ìwúwo ìbọn ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ti ń rò lọ. Kátíríìjì kan náà tí a yìn nínú ìbọn pọ́n-ùn 6 dípò pọ́n-ùn 8 yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún agbára tí ó fi ń gbá ni. Ìbọn fífúyẹ́ dára fún ẹni tí ń gun òkè láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àgbẹ̀ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀wà rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Kí ó ra èyí tí ó wúwo. Kí ó tún rí i pé rọ́bà wà ní ìdí ìbọn náà, àti pé ìdí rẹ̀ kò gùn jù fún apá rẹ̀. Ìbọn tí ó gùn jù fún obìnrin tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń jókòó sí apá dípò èjìká, ó sì máa ń dunni ju bí ó ti yẹ lọ.

Ariwo pẹ̀lú ń dẹ́rù bani. Ẹlòmíràn rò pé èjìká ni òun ń bẹ̀rù, etí rẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù. Kí ènìyàn máa fi ohun ìdáàbòbò bo etí nígbàkígbà tí ó bá ń yìnbọn. Irin oníhò kan wà tí wọ́n máa ń fi sí ẹnu ìbọn kí gbígbá rẹ̀ lè dínkù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń da ariwo padà sí ojú ẹni tí ń yìnbọn àti ẹni tí ó dúró tì í. A kò fọwọ́ sí i fún ọdẹ.

Èwo ni kí a yàn?

Ọjọ́ ogbó ti dé bá .30-30. Láti 1895 ni ó ti wà lọ́jà, ó sì ṣì wúlò fún ẹni tí oko rẹ̀ wà láàárín igbó, tí kò sì ní yìnbọn kọjá nǹkan bí yáàdì 150. Ohun kan ni kí ẹ kíyè sí nípa rẹ̀: ọ̀pọ̀ ìbọn tí ń lò ó máa ń to kátíríìjì sínú ọ̀pá gígùn lábẹ́ ẹnu ìbọn, tí imú èyí tí ó wà lẹ́yìn á kan ìdí èyí tí ó wà níwájú. Bí imú ọta bá jẹ́ irin ṣóńṣó, ó lè ta iná sí èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ọta tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní pàtàkì fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

.243 Winchester jáde ní 1955. Kátíríìjì .308 ni wọ́n fún ọrùn rẹ̀ kí ó lè gba ọta tí ó kéré jù. Òun ni a ń tọ́ka sí fún ẹni tí kò tíì yìnbọn rí, fún obìnrin tí ara rẹ̀ kò tóbi, àti fún àgbàlagbà tí èjìká ń dùn. Ọta rẹ̀ tí ó wọn gíréènì 100 máa ń jáde pẹ̀lú eré tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 2,900 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. (Gíréènì ni òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù, gíréènì 7,000 ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan.) Àléébù rẹ̀ kan ni pé wọ́n tún ń ṣe ọta gíréènì 55 sí 70 fún un, tí ó wà fún àwọn ẹranko kéékèèké. Èyí tí ó pọ̀ nínú irú ọta bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lára awọ àgbọ̀nrín kí ó tó wọ inú. Kí ẹni tí ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín má ṣe gba èyí tí kò tó gíréènì 90.

7mm-08 Remington, ti 1980, náà jẹ́ ọmọ .308. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé èwo ni a ó mú bí ó bá jẹ́ ìbọn kan ṣoṣo ni a lè rà, òun ni a ó mú. Ọta gíréènì 120 tàbí 140 ni ó ń lò. Ó lágbára ju .243 lọ fún akọ ńlá, kò sì tíì dé ibi tí èjìká ti ń kọ̀. 6.5 Creedmoor tí ó jáde ní 2007 fara pẹ́ ẹ gan-an, kátíríìjì rẹ̀ sì wọ́pọ̀ ní ọjà ju ti 7mm-08 lọ lónìí. Àwọn ará Sweden àti Norway ti ní irú rẹ̀ láti 1894, èyí tí à ń pè ní 6.5×55, wọ́n sì ń fi í pa ẹranko tí ó tóbi ju ẹṣin lọ nínú igbó wọn. .257 Roberts ti 1934 dára, ṣùgbọ́n kátíríìjì rẹ̀ ṣòro láti rí. Ẹni tí ń ki kátíríìjì fúnra rẹ̀ ni ó yẹ.

Òfin máa ń sọ bí ọta ti gbọ́dọ̀ tóbi tó, kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ní ìpínlẹ̀ Colorado, ráífù tí a fi ń pa àgbọ̀nrín kò gbọdọ̀ kéré sí .24, ọta rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọn kéré sí gíréènì 70. Ní Virginia, .23 ni òpin. Ní England àti Wales, òfin àgbọ̀nrín ti 1991 sọ pé ìbọn kò gbọdọ̀ kéré sí .240, kí agbára ọta lẹ́nu ìbọn má sì dín sí ẹsẹ̀-pọ́n-ùn 1,700, àyàfi fún àwọn àgbọ̀nrín kéékèèké méjì tí wọ́n dárúkọ. Ẹ rí i pé .243 kọjá nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọjá ní etí ni. Ẹni tí ó bá dín ẹ̀tù rẹ̀ kù lè bọ́ sábẹ́ òfin láìmọ̀.

Kíki kátíríìjì

Kí ni ó dé tí ènìyàn fi ń ṣe é? Ìdí kan ni owó: ìkarahun idẹ ni ó wọ́n jù nínú kátíríìjì, a sì lè lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i fún ìgbà púpọ̀. Ìdí kejì ni ó kàn wá jù níhìn-ín. Ẹni tí ń ki kátíríìjì fúnra rẹ̀ lè ṣe èyí tí ó rọ̀ ju ti ọjà lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í yìn ju kátíríìjì ogún lọ lọ́dún kò nílò ẹ̀rọ; kí ó lọ ra ti ọjà. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n lè dáwó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀ kan, kí olúkúlùkù wá máa ki tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yin kátíríìjì tí ẹlòmíràn kì, kí wọ́n má sì tà á.

Nǹkan mẹ́rin ni ó wà nínú kátíríìjì: ìkarahun idẹ, kápù kékeré ní ìdí rẹ̀, tí ń ta iná, ẹ̀tù, àti ọta. Kí a kọ́kọ́ yẹ ìkarahun wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá sán, tàbí tí ilà dídán bá yí i ká nítòsí ìdí, kí a sọ ọ́ nù, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti já. A ó fi òróró díẹ̀ pa á lára, a ó sì tì í wọ inú ihò irin tí ń dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀, èyí tí yóò tún ti kápù àtijọ́ jáde. Òróró púpọ̀ á tẹ èjìká ìkarahun wọlé, àìsí òróró á jẹ́ kí ó há sínú irin. Lẹ́yìn èyí ni a ó wọn gígùn rẹ̀. Ti .243 kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 2.045 lọ, bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ á há nínú ìbọn, kò sì ní rí àyè tú ọta sílẹ̀, agbára inú ìbọn á wá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kí a gé e sí 2.035. Kápù tuntun gbọ́dọ̀ jókòó wọlé díẹ̀, kí ó má ṣe yọ síta.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ni ó ń pa ènìyàn. Ẹ̀tù ráífù kì í ṣe ẹ̀tù dúdú tí àwọn bàbá wa ń rọ sínú ṣakabùlà. Ẹni tí ó ti fi ojú wọn ẹ̀tù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tí ó sì ń yin ìbọn rẹ̀ láìsí ewu, yóò fọ́ ráífù mọ́ ara rẹ̀ lójú bí ó bá dán irú rẹ̀ wò níhìn-ín. Kò sí fífi ojú wọn. Kí a ra ìwé tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀tù tàbí ọta náà tẹ̀ jáde, kí a ka ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún kátíríìjì náà, fún ìwúwo ọta náà àti fún orúkọ ẹ̀tù náà gan-an, kí a sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyí tí a kò fi kọ iye ẹ̀tù kankan sínú ìwé tiwa. Níbi tí ìwé náà bá ti kọ òpin nìkan, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nísàlẹ̀ òpin, kí a máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí irin ìdí ìbọn bá ń le láti ṣí, tàbí bí kápù bá tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn yíyìn, a ti kọjá ibi tí ó yẹ; kí a dúró. Bí a bá sì pààrọ̀ ohunkóhun nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ènìyàn lè rò pé bí òun bá fẹ́ kí ìbọn rọ̀, kí òun kàn dín ẹ̀tù kù ni. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù tí ń jó díẹ̀díẹ̀, bí ó bá kéré jù nínú ìkarahun, lè jó lọ́nà òdì kí ó sì fọ́ ìbọn bí ẹni pé ó pọ̀ jù. Ẹ̀tù kan wà tí wọ́n ti dán wò fún iṣẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ni H4895, ti ilé iṣẹ́ Hodgdon. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé, fún kátíríìjì tí wọ́n bá kọ ìwọ̀n H4895 sí nínú ìwé wọn, a lè dín in kù dé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún òpin. Ìṣirò lásán: bí òpin inú ìwé bá jẹ́ gíréènì 50, a kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju 30 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé òfin yìí lé ẹ̀tù mìíràn lórí.

Kátíríìjì tí ó rọ̀ bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́. Fún ẹran pípa, ó ní ìwọ̀n. Ọta ọdẹ gbọ́dọ̀ tàn bí òdòdó nígbà tí ó bá wọ ara ẹran, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í tàn dáadáa bí eré wọn bá ti bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,800 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá dín ẹ̀tù kù sún mọ́ ẹran sí i, kí ó sì tún ìfojúsùn ìbọn rẹ̀ ṣe, nítorí ọta náà kò ní bà ní ibi tí ti tẹ́lẹ̀ ń bà.

Àgò ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kí ó wà lórí tábìlì. Nígbà tí a bá ti bu ẹ̀tù sínú gbogbo ìkarahun, kí a to wọ́n sórí pákó oníhò, kí a tan iná wọ inú wọn, kí a fi èyí wé èyí. Èyí tí a bù fún lẹ́ẹ̀mejì yóò hàn, èyí tí a gbàgbé yóò hàn pẹ̀lú. Ìgbà náà ni kí a tó fi ọta dé e, ní gígùn tí ìwé sọ, fún.243, àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 2.710 lọ. Kí a wọ awò ojú ní gbogbo àsìkò iṣẹ́ náà, kí a má ṣe mu sìgá, kí a má ṣe gba àlejò, kí a sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òjé ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ìdánwò ìfòyà

Kí alábàáṣe kan bá yín ki ìbọn láìjẹ́ kí ẹ rí i. Nígbà mìíràn kí ó fi kátíríìjì sí i, nígbà mìíràn kí ó fi ìbọn náà sílẹ̀ lófìfo, kí ó wá gbé e fún yín. Ẹ fojú sun àmì, kí ẹ sì fà á. Bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, tí ẹnu ìbọn sì fò sísàlẹ̀, ẹ ti rí ìfòyà yín lójú kedere. Kò sí ìtìjú níbẹ̀; àwọn àgbà ọdẹ náà ní i. Ẹ padà sí ráífù kékeré .22, kí ẹ yìn ín títí ọwọ́ yóò fi gbàgbé ìbẹ̀rù, lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sórí kátíríìjì tí ó rọ̀. Ẹ má ṣe yìn ju mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí ọta márùn-ún bá ń wọ inú àwo ìjẹun ní yáàdì 100, láti ìjókòó, láìgbé ìbọn lé tábìlì, ni a tó lè sọ pé ẹni náà ti tó ọdẹ í ṣe.

Ní oko

Ọdẹ òru tí a mọ̀ nílé, tí a ń fi fìtílà orí tan ojú ẹran, jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lórí àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àkókò ọdẹ bẹ̀rẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó yọ, ó sì parí ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ó bá wọ̀. Àgbẹ̀ tí àgbọ̀nrín bá ń jẹ oko rẹ̀ run nígbà tí kì í ṣe àkókò ọdẹ lè lọ sí ọ́fíìsì ẹranko ìgbẹ́ ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ láti bèèrè fún ìwé àṣẹ pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó ní irú rẹ̀.

Ọta ráífù ń lọ jìnnà púpọ̀ ju ti ṣakabùlà lọ. Kí ilẹ̀ wà lẹ́yìn ẹran kí a tó yìn ín. Àgbọ̀nrín tí ó dúró lórí òkè pẹ̀lú òfuurufú nìkan lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé yìn, bí ó ti wù kí ó sanra tó. Kí a dúró títí yóò fi kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, kí a fojú sun ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, ní ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn yíyìn, bí kò bá ṣubú lójú ẹsẹ̀, kí a jókòó fún ààbọ̀ wákàtí kí a tó tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹran tí a bá lé lójú ẹsẹ̀ máa ń fi agbára ìkẹyìn rẹ̀ sá jìnnà.

Bí ó bá jẹ́ ọta olójé ni a lò, kí a gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ká sọnù, kí ó fẹ̀ dáadáa, nítorí òjé máa ń fọ́ sí ẹ̀fúùfù tí ojú kò lè rí. Kí àwọn ọmọdé àti aboyún má ṣe jẹ ẹran tí a lọ̀ láti ibẹ̀. Ọta bàbà kì í fọ́ bẹ́ẹ̀. Ní California, láti oṣù Keje 2019, òfin kò gba ọta olójé láyè mọ́ fún ọdẹ.

Ìyókù kátíríìjì, kí a kó o sínú páálí, kí a kọ orúkọ ẹ̀tù, ìwọ̀n rẹ̀, ìwúwo ọta, irú kápù àti ọjọ́ tí a kì í sí ara páálí náà. Kí ẹ̀tù máa wà nínú àgò tí ó bá wá, kí kápù wà ní ibòmíràn, kí gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ títì, níbi gbígbẹ tí ó tutù, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Páálí tí kò bá sí nǹkan tí a kọ sí i lára, tí a kò sì rántí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe yìn ín. Kí a tú u palẹ̀.